Àyà Já Kí Ojú Tó Rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń yan ẹja létí ọ̀sà Ìwáyà, ẹ kú èéfín, ẹ kú ooru iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní Tẹjúoṣó, ní Sábó, ní Mushin, a ó tún pàtẹ lọ́la o. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Fásitì Àkọkà, ẹ kú ìwé. Ẹ fà súnmọ́ rédíò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòní, ti gbogbo wa ni.

Mo fẹ́ bi yín léèrè kan. Bí nǹkan bá bú gbàù lẹ́yìn yín báyìí, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ ro ohun tó bú, kí ẹ tó fò? Àbí ẹ ó kọ́kọ́ fò, kí ẹ tó rò ó?

Ẹ rò ó wò dáadáa.

Ẹ ó kọ́kọ́ fò. Gbogbo wa ni. Àyà á ti já. Ọwọ́ á ti gbá àyà mú. Ẹsẹ̀ kan á ti kúrò nílẹ̀. Ìgbà yẹn lẹnu á tó béèrè pé, "Kí nìyẹn?" Àyà ti dáhùn kí ẹnu tó béèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn. Ọ̀nà wo ni ìró ń gbà láti etí dé àyà? Ta ló la ọ̀nà náà? Bí wọ́n bá là á sí ibi tí kò dáa, ṣé a lè tún un là?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọjọ́ kan. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002. Ẹni tó bá ti gbọ́njú tó sì wà l'Ékòó lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni. Iná ràn dé ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè àwọn ológun n'Íkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe méjì. Ó ń bú, ó ń bú, títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Ìwáyà níbí, ilẹ̀kùn ń gbọ̀n. Gíláàsì fèrèsé ń dún wìrìwìrì. A ò mọ ohun tó dé. Àwọn kan ní ogun ni. Àwọn kan ní àwọn ológun tún ti gbàjọba. Ta ló fẹ́ dúró béèrè?

Àwọn èèyàn sá. Ọ̀pọ̀ sá gba ọ̀nà Ìṣọlọ́, wọ́n sá gba ọ̀nà Èjìgbò. Omi kan wà ní Òkè-Afá, tí ewéko ti bo ojú rẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Òkùnkùn ti ń kùn. Àwọn tó ń sá rò pé ilẹ̀ ni. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọgọ́rọ̀ èèyàn ló bá omi lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ṣe ibi ìrántí sí Òkè-Afá fún wọn títí dòní.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bọ́ǹbù kò bà àwọn wọ̀nyẹn. Ìró bọ́ǹbù ló dé etí wọn. Ìró ni. Láti etí, ó dé àyà. Láti àyà, ó dé ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé n'Íṣọlọ́ nígbà náà. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n sá. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa n'Íwáyà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ yè, ìyá yè. A dúpẹ́. A pa adìẹ. A rò pé ó ti tán.

Kò tán. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin bángà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí Kérésì tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lágbàlá, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bángà àkọ́kọ́ bú. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé ẹnu géètì. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀. Atẹ ti dojú dé, ẹ̀wà ti fọ́n kálẹ̀. Àwa tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bángà mà ni!"

Wọ́n padà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Mo mọ̀, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé bángà ni. Ara mi ni kò mọ̀."

Mo mọ̀. Ara mi ni kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú mi láti ọjọ́ náà. Ẹ̀rín tí mo rín kò sì kúrò nínú mi. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí ẹ̀wà yẹn, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a nínú ọpọlọ. Wọ́n rí i. Òótọ́ ni. Orí lè mọ̀, kí ara má mọ̀. Ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Kí n tó dé ibi ọpọlọ, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ara wa ná. Báwo ni Yorùbá ṣe ń sọ ọ́? Ṣé à ń sọ pé "mo ṣe ẹ̀rù"? Rárá. À ń sọ pé ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ló ṣe é, èmi ló ṣe é sí. Inú bí mi. Ojú tì mí. Àánú ṣe mí. Àyà mi já. Orí mi wú. Nínú gbogbo rẹ̀, èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan ló dé bá mi, ó sì gba ibi ara kan wọlé: àyà, inú, ojú, orí. Àwọn baba wa tó fi èdè yìí sílẹ̀ kò la orí ẹnikẹ́ni wò. Wọ́n ṣàkíyèsí ara wọn ni, wọ́n sì ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ọpọlọ. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ ọ́ di ìṣirò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ojúẹlẹ́gba, ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹni tó ti Mushin bọ̀, á kàn án. Ẹni tó ti Yábá bọ̀, á kàn án. Ẹni tó ń lọ Stadium, á kàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pàdé. Irú ibẹ̀ wà láàárín ọpọlọ. Tálámọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, ohun tó kan awọ ara, gbogbo wọn ló ń dé Ojúẹlẹ́gba yẹn kí wọ́n tó lọ síbòmíràn.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà ọba kan wà. Ó lọ sí èèpo ọpọlọ, ìyẹn ìta ọpọlọ tó ká jọ bí aṣọ tí wọ́n rún. Ibẹ̀ lòye wà. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé ìró yìí, bángà ni, ìró yẹn, táyà ló bẹ́, èyí, ilẹ̀kùn ni afẹ́fẹ́ pa dé. Ọ̀nà ọba dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà ọba Èkó. Ó ń pẹ́.

Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo náà nìyẹn? Ìbéèrè tí Joseph LeDoux, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, fi àwọn ọdún 1980 sí 1989 lé nìyẹn. Eku ló fi ṣe é. Á dún ohùn kan sí eku létí. Bí ohùn bá tán, iná mànàmáná á ta eku lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́ tí ohùn nìkan fi tó. Bí eku bá ti gbọ́ ọ, á dúró gbagidi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Iná ò tíì ta á o. Ohùn lásán ni.

LeDoux wá ba èèpo ọpọlọ tí eku fi ń gbọ́ ohùn jẹ́. Ó dí ọ̀nà ọba. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù tán? Kò tán. Eku tí kò ní èèpo tó lè fi dá ohùn mọ̀ yìí ṣì kọ́ láti bẹ̀rù ohùn náà. Ó wá ba Ojúẹlẹ́gba fúnra rẹ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni eku ò lè kọ́ ọ mọ́. Kí lèyí sọ fún wa? Ó sọ fún wa pé àbùjá kan wà! Ọ̀nà kan kúrò ní Ojúẹlẹ́gba tí kò gba ọ̀dọ̀ òye kọjá.

Níbo ni àbùjá náà lọ? LeDoux fi ohun kan bí aró sí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró. Aró náà tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin aláàdìrẹ Abẹ́òkúta, ẹ mọ bí aró ṣe máa ń fi ibi tí òwú gbà hàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó dé ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, nítòsí etí, tí wọ́n ń pè ní amígídálà.

Ẹ rántí igi furúùtù tó máa ń wà lọ́gbà ilé ìwé wa? Tí a bá ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, a ó wá òkúta, a ó fọ́ kóro rẹ̀, a ó yọ ọmọ funfun kékeré tó wà nínú. Bí amígídálà ṣe rí nìyẹn. Kódà, orúkọ irú kóro bẹ́ẹ̀ ní èdè Gíríìkì ni wọ́n fi sọ ọ́. Méjì ló wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí ìròyìn bá ti gba àbùjá dé ibẹ̀, ó ti tán. Á pàṣẹ fún ọkàn kó sáré, fún òógùn kó jáde, fún ẹsẹ̀ kó gbéra. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìròyìn tó gba ọ̀nà ọba á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, á ní, "Ẹ fara balẹ̀, bángà ni." Ta ló ń gbọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ti dé géètì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà là ń sọ. Ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí dé àyà. A ní méjì ni. Ọ̀nà ọba gba ọ̀dọ̀ òye kọjá, ó sì ń pẹ́. Àbùjá kò gba ọ̀dọ̀ òye, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí àyà fi ń já kí ojú tó rí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan kí n má tàn yín. Nínú eku, àbùjá yìí dájú. Nínú èèyàn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe pọ̀ tó, nítorí ọpọlọ tiwa ní ọ̀nà tó díjú ju ti eku lọ. LeDoux fúnra rẹ̀ sì wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà. Ó ní kí wọ́n má pe iṣẹ́ amígídálà ní ẹ̀rù mọ́. Ìgbèjà ara ni. Ẹ̀rù tí èèyàn mọ̀ lára, tó lè fẹnu sọ, òye ló ń para pọ̀ ṣe é. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn. Ṣé ẹ mọ ìdí? Àwa ò pe méjèèjì ní orúkọ kan náà rí. Àyà jíjá yàtọ̀. Ẹ̀rù yàtọ̀. Àyà akọni pàápàá máa ń já. Àyà jíjá kọ́ ló ń sọni di ojo; akọni ni ẹni tó dúró lẹ́yìn tí àyà já tán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti imú. Mo fẹ́ràn ibi tí ọ̀rọ̀ imú wà yìí gan-an. Mo ní ojú, etí àti awọ ara ń dé Ojúẹlẹ́gba kí wọ́n tó lọ síbòmíràn. Imú ńkọ́? Imú kì í kọ́kọ́ gba Ojúẹlẹ́gba. Ilé imú àti ilé amígídálà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Òórùn wọ imú, ó kan ojúdé kan, ó ti wọlé. Kò sí ẹ̀yà ara ìmọ̀ mìíràn tó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni Linda Buck àti Richard Axel rí ẹbí àwọn ẹnu ọ̀nà tí òórùn ń gbà mú nínú imú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2004.

Ẹni tó dàgbà n'Íwáyà, ẹ jẹ́ kí n bi ọ́. Bí òórùn ẹja yíyan bá gbá ọ nímú lójijì, níbo ló máa ń gbé ọ lọ? Ẹni tí a bí síbí, tó ti di ará Lọ́ńdọ̀nù, lè wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane ní Peckham láti ra èlùbọ́. Òórùn ẹja gbígbẹ á dé. Kí ó tó rántí ohunkóhun, omi á ti lé sí i lójú. Kò tíì rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn. Kò tíì rí ọ̀sà, kò tíì rí ọkọ̀ ojú omi, kò tíì rí igi tí wọ́n tò sábẹ́ àtẹ ẹja. Omijé ló kọ́kọ́ dé, ìrántí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Àwa Yorùbá ní a ń *gbọ́* òórùn. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń gbọ́ ìró, tí a fi ń gbọ́ èdè. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òórùn máa ń sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń gba àwọn ọ̀nà yìí. Ayọ̀ náà ń gbà á. Ẹ mọ òkété? Òkété tí wọ́n máa ń so rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ fún tità ni mò ń sọ. Ní Fásitì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Olopade ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ọpọlọ òkété. Kí ló ní lọ́pọlọ tó yẹ fún ìwádìí? Imú ni! Ní Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ òkété láti máa fi imú wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lákòókò ogun. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn? Wọ́n ní irin kékeré kan tó ń dún ká. Ká, wọ́n fún un lóúnjẹ. Ká, wọ́n fún un lóúnjẹ. Nígbà tó bá yá, ìró ká yẹn nìkan á ti tó láti mú inú òkété dùn. Ẹ fi wé eku LeDoux. Ohùn kan, iná mànàmáná: ìjayà. Ohùn kan, oúnjẹ: ìdùnnú. Etí kan náà ni. Ohun tó tẹ̀lé ohùn ló yàtọ̀.

Òkété tó ń fi imú gba èèyàn lọ́wọ́ bọ́ǹbù. Bí mo bá rántí Òkè-Afá, tí mo sì rántí òkété yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́, orí ọ̀rọ̀ ọ̀nà la ṣì wà. Bí ohun tí a gbọ́, ohun tí a rí, òórùn tí a gbọ́, ṣe ń di ìjayà tàbí ayọ̀ nínú wa.

Ẹnì kan lè ní, "Bí amígídálà ló ń fa gbogbo wàhálà yìí, kí wọ́n yọ ọ́ dànù!" Ẹ dúró. Obìnrin kan wà n'Ílẹ̀ Amẹ́ríkà tí àìsàn kan ba amígídálà méjèèjì jẹ́ fún. Kò bẹ̀rù ejò. Ó ń béèrè léraléra bóyá òun lè fọwọ́ kan ejò tó lè ṣe é léṣe. Ṣé ìbùkún nìyẹn? Wọ́n ti fi ohun ìjà dojú kọ ọ́ rí, kò sì mọ̀ ọ́ lára bí ẹlòmíràn ṣe ń mọ̀ ọ́. Ọmọ èèyàn tí kò ní ìjayà kò ní olùṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní 2013, àwọn olùwádìí fún òun àti àwọn mìíràn tó ní irú àìsàn náà ní afẹ́fẹ́ kan fà sínú, afẹ́fẹ́ tó ń mú ara ṣe bí ẹni tí èémí ń há. Ìpayà mú un! Obìnrin tí kò bẹ̀rù ejò bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ nítòsí ohun tí wọ́n fi bo imú rẹ̀. Ẹ̀rù tó ti inú ara wá gba ibòmíràn wọlé. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ya àwòrán gbogbo ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ mọ kantíkantí, kòkòrò kékeré tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n gbé àwòrán ọpọlọ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ jáde lódindi, gbogbo iṣan, gbogbo oríta. Ọpọlọ tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì iṣan inú rẹ̀ tó nǹkan bí 140,000. Tiwa ńkọ́? Nǹkan bí bílíọ̀nù 86. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ó wù mí kí àwọn ọmọ tó ń gba iwájú ilé wa lọ sí Àkọkà lárààárọ̀ wà lára àwọn tó máa ṣe é.

Ó wá ku ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Ṣé títí ayé ni yóò máa sá?

Ní ọdún 2002 yẹn kan náà, ọdún bọ́ǹbù, àwọn ọkùnrin méjì kan ní Puerto Rico, Mohammed Milad àti Gregory Quirk, gbé ìwádìí kan jáde. Eku náà ni wọ́n lò. Eku ti kọ́ láti bẹ̀rù ohùn. Wọ́n wá ń dún ohùn náà láìfi iná ta á. Wọ́n dún un, kò sí iná. Wọ́n tún un dún, kò sí iná. Eku bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún un dún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Eku tí tirẹ̀ bá ṣiṣẹ́ jù, òun lara rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìjayà àtijọ́ kò parẹ́. Kò sí ẹni tó nù ún. Àbùjá ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tuntun ti lọ dúró sí ẹnu rẹ̀, bí òṣìṣẹ́ LASTMA tó ń darí ọkọ̀, tó na ọwọ́ sókè: "Ẹ dúró ná." Ẹni tó bá ń bọ̀ lójú àbùjá á dẹsẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà ọba á ráyè dé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi òṣìṣẹ́ yìí síbẹ̀? Ṣé kí á máa pariwo pé, "Má bẹ̀rù, bángà ni"? Ṣé kí á máa rẹ́rìn-ín? Mo ti ṣe méjèèjì. Kò ṣiṣẹ́. Òye ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá wí, òye ẹ̀gbọ́n mi kò sì ṣe àìsàn. Ara ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ara kì í gbọ́ àlàyé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i léraléra ló ń gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ fi ojú tuntun wo ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa yìí, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábá. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó dá a sílẹ̀, bí ibi ìhámọ́ lásán. Ẹ̀gàn ìgbà yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Bí ọmọdé bá ṣe ohun tí kò yé wa, a ó ní, "Ṣé kí n mú ọ lọ sí Yábá Lẹ́fìtì ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìtọ́jú kì í ṣe ìhámọ́. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú abúlé tó wà láyìíká, kí wọ́n máa jáde lọ gba ìtọ́jú. Lójú tèmi, ibi tí ara bá ti balẹ̀ ni ara ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìdábọ̀ lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀, lẹ́yìn tí adigunjalè wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé mọ́ ọn lórí létí omi, kò ya wèrè. Kò nílò ẹ̀wọ̀n, kò nílò ẹgba. Olùkọ́ ló nílò.

Ṣé ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé? Ọmọ tó máa ń ká kò bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè nítòsí rẹ̀? Bàbá tí kì í lè gba ojú ọ̀nà kan kọjá? Kí lẹ máa ń pè wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n mi lọ gba ìtọ́jú nígbà tó yá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà láti lọ, nítorí ohun tí àwọn èèyàn máa sọ. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mí kanlẹ̀. Nọ́ọ̀sì á rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, á pa á dé kó dún díẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fọ́ bàlúùnù. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n wọn ò dìde lórí àga. Nílé, wọ́n á ní kí n máa gbá ọmọrí ìkòkò mọ́ ìkòkò nígbà tí wọ́n bá ń wò mí, lẹ́yìn náà nígbà tí wọn ò bá wò mí. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn rán. Mo ṣe é lójoojúmọ́.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, mo wà lágbàlá pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti dàgbà. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ́jọ́ náà ti di bàbá ọmọ. Wọ́n gbé atẹ lé itan, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bángà kan bú lẹ́yìn ògiri, èyí tó tóbi gan-an. Èmi fúnra mi fò. Ọwọ́ wọn lọ sí àyà. Atẹ gbọ̀n, ẹ̀wà méjì tàbí mẹ́ta ta sílẹ̀. Mo rí i tí èjìká wọn ga, mo sì rí i tó ń rọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tú èémí sílẹ̀.

"Bángà ni," wọ́n ní.

Wọ́n sì tún tẹ̀ sí atẹ wọn.